Sáfà Minecraft ẹni 60 láti inú ilé wa ní Ìbàdàn, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ilé lè gbà á?

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ gbọ́ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti tojú sú mi.

Àwa mẹ́fà kan tá a jọ lọ sílé ìwé girama la ti ń kọ́ Ìbàdàn sínú Minecraft, géèmù tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ nǹkan, ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ báyìí. A ò fi ṣeré rárá. Búlọ́ọ̀kù kan la fi ṣe mítà kan, Ilé Kòkó tó ga ní mítà 105 yẹn, búlọ́ọ̀kù 105 ló jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, àjà 26 ẹ̀ pé, o lè gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Mápó wà ńbẹ̀ tòun tàwọn òpó ńláńlá iwájú ẹ̀, Láyípo wà lórí Òkè Ààrẹ, a ṣe Bẹẹrẹ, a ṣe Ọjà'ba, páànù orí ilé àwọn àgbà yẹn nìkan gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ wa torí oríṣi búlọ́ọ̀kù mẹ́fà la dán wò kí àwọ̀ páànù tó ti dípẹtà tó jáde bó ṣe máa ń rí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kàn án. Màmá àgbà tó nilé tá à ń gbé rí i lójú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ní kí n sún un mọ́ àwọn, ni wọ́n bá fìka tọ́ka sí agboolé tí wọ́n bí wọn sí. Látọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Ìyọnu ibẹ̀ rèé. Kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáfà náà wà nínú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá: Ryzen 5 5600, RAM 32GB, SSD NVMe, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, Paper, ètò tó ń gbé Minecraft fún ọ̀pọ̀ èèyàn, la sì ń lò. A fi Geyser sí i káwọn tó ń fi fóònù gbá géèmù náà lè wọlé, torí ká sòótọ́, èèyàn mélòó ló ní kọ̀ǹpútà ládùúgbò. Íntánẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ fáíbà 50 Mbps. Tá a bá jẹ́ márùn-ún, ó ń lọ geere. Tá a bá ti di 10, 12, wàhálà dé: wàá rìn síwájú, á fà ẹ́ padà sẹ́yìn, wàá fọ́ búlọ́ọ̀kù, á tún yọ padà, ẹlòmíì á kàn já bọ́ síta pátápátá. Láàárín aago 8 sí 10 alẹ́ ló sì máa ń burú jù.

Sátidé kan lóṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣí i fún gbogbo èèyàn, à ń retí bíi 60 lẹ́ẹ̀kan náà, ogójì lè jẹ́ ará Ìbàdàn àti Èkó, àwọn tó kù wà ní London àti Houston. Mo pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, wọ́n ní kí n lọ ra plan 100 Mbps, pé tó bá ti di 100 gbogbo ẹ̀ á yanjú. Owó yẹn pọ̀ o, àwa la máa dá a láàárín ara wa. Ṣé ká rà á? Àbí ilé ò lè gbé ẹni 60 rárá, ẹ sọ fún mi kí n mọ èyí tí mò ń ṣe.

Bísí_Linux:

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yẹn. Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Láàgì ni gbogbo ayé ń pè é, àmọ́ àìsàn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan yẹn. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ti rẹ̀. Minecraft máa ń ṣe ìṣirò gbogbo ayé inú ẹ̀ ní ìgbà ogún (20) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 mílísẹ́kọ́ńdì ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí iṣẹ́ bá ju 50 yẹn lọ, gbogbo nǹkan á máa lọ́ra, màlúù á lọ́ra, omi á lọ́ra, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló sì máa kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà ń ṣe dáadáa, ọ̀nà tó jáde nílé ló há. Oògùn tó wo èkíní ò lè wo èkejì, ìdí nìyẹn téèyàn fi máa ń ra RAM tí nǹkan kan ò ní yí padà.

Bá mi ṣe nǹkan wọ̀nyí lálẹ́ ọ̀la nígbà tẹ́ ẹ bá ti pé mẹ́wàá. Tẹ /tps (iye ìṣirò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti /mspt (mílísẹ́kọ́ńdì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà), kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Ṣe speed test, upload, ìyẹn ohun tó ń jáde nílé, ni kó o wò, download ò kàn wá. Wọ inú rútà yín, wo àdírẹ́sì tó wà níbi WAN, ojú tí rútà fi kọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, fi wé èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sọ fún ẹ pé ó jẹ́ tìẹ. Lẹ́yìn náà fi ping (ó ń wọn iye mílísẹ́kọ́ńdì tí ìròyìn fi ń lọ tó sì ń bọ̀) sí 8.8.8.8 ti Google sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, kó o máa wo ìgbà tó bá fò sókè àti ohun táwọn ará ilé ń ṣe nígbà yẹn.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣe é.

A jẹ́ 11. TPS dúró lórí 20.0 kò yẹ̀, mspt ò kọjá 14. Speed test ní download 48, upload 9.6. Mi ò mọ̀ rí pé upload kéré tó yẹn, kò sí nínú bébà tí wọ́n fún wa. WAN inú rútà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì sọ yàtọ̀ sí i pátápátá. Ó jọ pé òun ló fà á tí port forward 25565, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí mo ṣí nínú rútà káwọn ará ìta lè wọlé, ò fi ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jà kí n tó lọ lo playit, tunnel ọ̀fẹ́ yẹn tó ń gba ibòmíì mú èèyàn wá sí sáfà wa, òun la ń lò títí di ìsinsìnyí.

Ping yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó wà lórí 24, 25, 24. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje, ó fò sí 780. Mo sáré jáde sí pálọ̀, mọ́mì mi ń fi fídíò ìpàdé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lórí WhatsApp. Ìgbà tó parí, ó padà sí 25. Àbúrò mi náà, fọ́tò fóònù ẹ̀ máa ń gun Google Photos lálẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí kò yé mi: ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Bódìjà, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, 210 ni ping ẹ̀. Ọ̀kan tó wà ní London, 130. Báwo ni ará London ṣe máa súnmọ́ mi ju ará Bódìjà lọ?

Ẹ̀gbọ́n_Fáíbà:

Ìbéèrè Bódìjà yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ wà.

Àdírẹ́sì 100.72 tó o rí yẹn, CGNAT nìyẹn. Láti 100.64 dé 100.127 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún 2012. Ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín kó ọ̀pọ̀ ilé sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí ilé ìyẹ̀wù púpọ̀ tó ní ẹnu ọ̀nà kan, àlejò dé ẹnu ọ̀nà, kò mọ yàrá tó máa kàn. O lè ṣí port nínú rútà tìẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ilẹ̀kùn àbáwọlé ò sí lọ́wọ́ ẹ. Má bínú sí wọn jù lórí èyí o, IPv4, irú àdírẹ́sì tá à ń sọ yìí, gbogbo ayé ò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, AFRINIC tó ń pín ti Áfíríkà láti Mauritius sì ti ń fún un jáde ní kékeré-kékeré láti January 2020. Bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ń ta static IP, àdírẹ́sì tó jẹ́ tìẹ nìkan tí kì í yí padà, àwọn kan ń tà á fún ilé, àwọn kan ní oníṣòwò nìkan.

Ẹ wá lọ lo tunnel. Tunnel yẹn ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ ńbẹ̀, àmọ́ ibi tó ti ń pàdé èèyàn ò sí ní Nàìjíríà, bí ping yín ṣe rí yìí, ilẹ̀ Yúróòpù ló wà. Ọ̀rẹ́ ẹ ní Bódìjà fọ́ búlọ́ọ̀kù kan, ìròyìn yẹn lọ Èkó, ó wọ inú òkun, ó dé Yúróòpù, ó tún gba inú òkun padà wá sí Mọ́kọ́lá, ìdáhùn á tún gba ọ̀nà kan náà padà. Òkun ẹ̀ẹ̀mẹrin fún búlọ́ọ̀kù kan. Ará London ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi súnmọ́ ẹ jù. Kò sí Mbps tó lè wo ìyẹn, o lè ra 500, ọ̀nà òkun ò ní kúrú.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi: yá VPS kékeré kan, ìyẹn sáfà téèyàn ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ èyí tó wà l'Ékòó gan-an, kì í ṣe ti Jámánì, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ó wọ́n ju tòkè òkun lọ díẹ̀ àmọ́ kékeré tó kéré jù nínú wọn ti tó, torí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ló máa ṣe. Kọ̀ǹpútà ilé ló máa fi WireGuard, ọ̀nà àdáni tó ní ààbò, pè é láti inú síta, nítorí náà CGNAT ò rí i dí, o kàn máa fi PersistentKeepalive = 25 sí i kí ọ̀nà náà má bàa pa dé. Fi Velocity, ètò tó ń gba èèyàn lẹ́nu ọ̀nà tó sì ń darí wọn sí sáfà ilé, sórí VPS fáwọn oníkọ̀ǹpútà lórí TCP 25565. Fún àwọn onífóònù, UDP 19132 ni Geyser ń lò, rántí ṣí ìyẹn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀, wọ́n á wá ní fóònù ò wọlé. Tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín àti ti ará Bódìjà bá jọ ń pàdé ní IXPN l'Ékòó, ibi táwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pààrọ̀ ìròyìn láìjáde nílẹ̀ wa, ping ẹ̀ á wálẹ̀ débi tí ẹnu á yà á. Lóṣù kẹta 2024 nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 jọ kọṣẹ́, sáfà kan tí mò ń bójú tó tó wà l'Ékòó ò mira, àwọn ọmọ ń gbá géèmù wọn lọ nígbà tí ọ̀pọ̀ nǹkan ò ṣí.

Ó wá ku upload. 9.6 lo ní. Mo ti wọn tiwa rí, ẹni tó dúró sójú kan tó ń kọ́lé, bíi 100 kbps ló ń gbà, ẹni tó ń fò káàkiri lè fa 1 Mbps tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ torí gbogbo ilẹ̀ tuntun tó bá kàn ni sáfà gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ká dì í mú ní 300 kbps, ẹni 60 jẹ́ 18 Mbps. O ò ní in. Ìbẹ̀rẹ̀ ló tún burú jù, nígbà tí gbogbo wọn bá wọlé pọ̀. Wo view-distance, ìyẹn bí ojú èèyàn ṣe lè ríran jìnnà tó, nínú server.properties, 10 ló máa ń bá wá, ìyẹn chunk 21 lọ́nà 21 (chunk ni ègé ilẹ̀ búlọ́ọ̀kù 16 lọ́nà 16), 441 fún ẹnì kan. Tí chunk ìlú tí ilé kún bí tiyín bá jẹ́ kílóbáìtì 15, ẹnì kan á gba mẹ́gábáìtì 6 àtààbọ̀, ẹni 60 á fi ìṣẹ́jú márùn-ún àtààbọ̀ gba gbogbo upload yín tán láìsí nǹkan míì tó kọjá. Sọ ọ́ di 6, ó di 169, ó di bí ìṣẹ́jú méjì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú fáìlì kan nìyẹn o, kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́mì ẹ, ẹ má ní kí wọ́n má fi fídíò ránṣẹ́ mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Rútà yín ló ń to gbogbo nǹkan sórí ìlà gígùn kan, fídíò ti wà níwájú, búlọ́ọ̀kù ẹ wà lẹ́yìn. Wá rútà tó lè gba OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi rọ́pò ti inú rútà, tòkùnbọ̀ náà dáa, fi SQM sí i, ohun tó ń to ìlà yẹn dáadáa, yan cake nínú ẹ̀, fún un ní upload tó dín díẹ̀ sí tòótọ́, bíi 8.5. Tó bá ti jẹ́ pé rútà tìẹ ló ń dá ìlà náà dúró dípò ti ilé-iṣẹ́, géèmù á máa gba ẹ̀gbẹ́ fídíò kọjá.

100 Mbps tí wọ́n ń sọ yẹn, bi wọ́n léèrè kan: upload ẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá sọ 20, o ti mọ̀ pé 20 lò ń rà.

Adé_Peckham:

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí gbogbo ẹ̀ àfi ibì kan. Ọjọ́ ìṣílẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kó o máa gbàdúrà kí upload ilé tó. Ẹ gbé gbogbo ayé náà lọ sórí sáfà tẹ́ ẹ yá l'Ékòó fún oṣù kan péré, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e padà wálé, kẹ́ ẹ máa kọ́lé yín lọ.

Ìdí kejì ni ààbò, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì ilé yín sójú táyé. Lọ́dún 2016 àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà kọ Mirai, ohun tó ń wọ inú kámẹ́rà àti rútà ilé onílé tí wọn ò yí password wọn padà, tó ń kó gbogbo wọn jọ láti fi da ìjà sórí ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Sáfà Minecraft wà lára ohun tí wọ́n ń lé, torí owó wà nínú gbígbé sáfà Minecraft, tí ti ọ̀tá bá wó lulẹ̀, àwọn oníbàárà á wá ibòmíì lọ. OVH ní ilẹ̀ Faransé gbà lára ẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tó di 21 October, tí kóòdù ẹ̀ ti jáde síta, àwọn kan fi wó Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń darí orúkọ àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix ò ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà. December 2017 làwọn mẹ́ta yẹn gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Orí géèmù tá à ń gbá yìí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá da ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìyẹn sórí fáíbà ilé yín, gbogbo ilé ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, mọ́mì náà. VPS iwájú yẹn ló máa gba ìyà yẹn, àdírẹ́sì ilé ò ní hàn.

Ẹ má sì pa online-mode níbi tí èèyàn ti ń wọlé o, òun ló ń wò ó bóyá àkáǹtì tẹ́nì kan fi wọlé jẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lo launcher tí wọn ò sanwó ẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ pa á káwọn lè wọlé. Tẹ́ ẹ bá pa á, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, kó fi WorldEdit, ohun èlò tó ń yí ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù padà lẹ́ẹ̀kan náà, pa Ilé Kòkó rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àwọn onífóònù, Floodgate á jẹ́ kí wọ́n fi àkáǹtì Xbox wọn wọlé, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ view-distance 6 yẹn ń dùn mí díẹ̀. 6 lọ́nà 16 jẹ́ búlọ́ọ̀kù 96. Téèyàn bá dúró ní Dùgbẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù 100 sí Ilé Kòkó, ilé náà ò ní sí, ojú ọ̀run nìkan ló máa rí. Ilé yẹn lohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀gbọ́n_Fáíbà:

Òótọ́ lo sọ, mi ò ro ìyẹn. Fi sí 7 nígbà náà, 112 nìyẹn, ó kọjá 100 tó o sọ yẹn, chunk 225 ló máa jẹ́. Dín simulation-distance kù sí 4, ìyẹn ò kan ohun tí ojú ń rí, ìṣirò ẹran àti omi nìkan ló kàn. Kó o sì má jẹ́ kí gbogbo èèyàn wọlé síbi tí ilé pọ̀ jù. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tó lágbára lè fi Distant Horizons sí tiwọn, wọ́n á máa rí ibi jíjìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ iná.

Èmi náà gbé sáfà fún àwọn ọmọ mi àtàwọn ọmọ àdúgbò nígbà họlidé, bí ẹni méjìlá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, kọ̀ǹpútà náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti wà láàárín kó máa tọ́jú nǹkan sórí dísíkì. Nígbà tá a tan án padà, ilé tí Kẹ́hìndé fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ti lọ. Ó wó ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ kò sí àwókù kankan. Igbó tútù hù síbẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ rí, etí igbó náà gún régé bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà gé e, ọgbà wa wà lápá kan, ìdajì ilé adìẹ wà létí ẹ̀, ìdajì tó kù ti di igi. Fáìlì .mca kan ló bàjẹ́, fáìlì kan yẹn sì ń gbé ilẹ̀ búlọ́ọ̀kù 512 lọ́nà 512. Tìyín yẹn, ó lè gba Mápó tòun ti Bẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ yẹn ò sunkún, ó kàn dúró síbẹ̀ tó ń wò ó. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ínfátà tàbí UPS nìkan ò tó. UPS tó ní okùn USB ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi NUT sórí Ubuntu yẹn kó lè mọ̀ tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, kó fúnra ẹ̀ tẹ stop fún sáfà kí iná tó kú pátápátá. Rútà àti àpótí fáíbà náà gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sáfà á máa ṣiṣẹ́ fún ara ẹ̀ nìkan. Backup ńkọ́, lójoojúmọ́, kì í ṣe sórí dísíkì kan náà o. Tẹ save-off, tẹ save-all flush, dà á kọ, tẹ save-on, ẹ má kàn da fáìlì kọ nígbà tí èèyàn ń gbá a.

Kí ẹ sì ṣírò owó iná. Ká ní kọ̀ǹpútà yẹn pẹ̀lú rútà ń jẹ wáàtì 140 tọ̀sán-tòru, yúnìtì 100 ló ń lọ lóṣù. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Band A tí yúnìtì kan lé ní ₦200, ó ti lé ní ₦20,000. Mo ti gbé tèmi sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò jẹ tó wáàtì 30, ó tó fún ẹni méjìlá. Fún yín, ẹ máa tan ti ńlá yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́lé nìkan.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tá a dé.

A ò ra 100 Mbps. Mo pè wọ́n, mo béèrè upload bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, ẹni tó gbé fóònù dúró fún ìgbà díẹ̀, ó lọ bèèrè, ó ní 15. Owó yẹn la fi ra rútà tòkùnbọ̀ kan, OpenWrt wọlé sí i lálẹ́ ọjọ́ kan náà, cake wà lórí 8.5. VPS Èkó gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi torí UDP 19132 yẹn gan-an, mo gbàgbé ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kìlọ̀, onífóònù mẹ́rin ń pariwo lórí WhatsApp kí n tó rí i.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé la dán an wò, ẹni 23. Aago mẹ́sàn-án, mo fúnra mi lọ bẹ mọ́mì pé kí wọ́n fi fídíò tó gùn jù lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́. Ping fò láti 24 sí 41, ó dúró síbẹ̀. Ará Bódìjà tó ń rí 210 tẹ́lẹ̀, 19 ló rí, ó kọ ọ́ sínú chat lẹ́ẹ̀mẹta torí kò gbà á gbọ́. London wà lórí 112, Houston ṣì wà lókè 200 àmọ́ ó ní òun lè rìn, òun ò kàn lè jà, kò sì sí ìjà ní Ìbàdàn tiwa.

Ọjọ́ ìṣílẹ̀, a ti yá sáfà ńlá l'Ékòó fún oṣù kan bí bọ̀ọ̀dá Adé ṣe wí. Ayé náà jẹ́ gígábáìtì 14, mo ṣírò ẹ̀ pé wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ló máa gbà kó tó gòkè tán, nítorí náà òru Tọ́sìdé ni màá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. UPS ṣì ń dúró dè owó, àmọ́ ẹ̀dà ayé náà ti wà lórí dísíkì méjì, ọ̀kan wà nílé ará Bódìjà. Mọ́mì Ìbejì, ilé Kẹ́hìndé yẹn ni mo ń rò nígbà tí mo ń gbé e fún un.

View-distance wà lórí 7. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má jẹ́ kí èèyàn wọlé síbi tí ilé pọ̀ jù, mo gbé spawn, ibi téèyàn ti máa ń kọ́kọ́ yọ, kúrò ní Dùgbẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, létí agboolé màmá àgbà, ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Màmá ti ní káwọn ọmọ bá àwọn wá tábílẹ́ẹ̀tì kan fún Sátidé náà. Tẹ́ni kankan nínú yín bá fẹ́ wọlé, ẹ fi orúkọ tẹ́ ẹ ń lò ránṣẹ́ sí mi kí n fi yín sínú whitelist.